Ta ló ni Pacaembu báyìí? Ìdáhùn lórí pápá ìṣeré ìlú São Paulo

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wo àṣekágbá ìdíje àwọn ọ̀dọ́ tí São Paulo àti Corinthians gbá ní oṣù kìn-ín-ní 2025. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo rí lára pápá náà. Ohun tí mo sì ti mọ̀ tipẹ́ ni pé ti ìlú ni Pacaembu. Ṣé wọ́n ti tà á ni? Bí wọn ò bá tà á, báwo ni pápá ìlú ṣe wá ń jẹ́ orúkọ oníṣòwò? Mò ń gbèrò àtilọ sí São Paulo, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó yẹ kéèyàn wò ṣì kù níbẹ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, wọn ò tà á. Ìjọba ìlú São Paulo ló ṣì ni ilẹ̀, òun ló ni ilé. Wọ́n fi háyà fún ilé-iṣẹ́ kan fún ọdún 35 ni. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìjọba títí di òní ni Pápá Ìṣeré Ìlú Paulo Machado de Carvalho. Èyí tó o rí lára ògiri yẹn, orúkọ ìpolówó ni. Ẹni tó gba pápá náà háyà ló ta àyè rẹ̀ fún wọn.

Ìdáhùn kúkurú nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá a dúró síbẹ̀, kò ní yé ọ ìdí tí ìlú tó lówó tó São Paulo fi jọ̀wọ́ pápá tó ti ń tọ́jú láti 1940. Ìdí náà ò ju pé gbogbo ẹgbẹ́ ló ń lo Pacaembu, kò sì sí ẹgbẹ́ kan tó ni ín. Ohun tó sọ ọ́ di ààyò gbogbo ìlú nìyẹn. Nígbà tí ọjọ́ sì yí, òun náà ló sọ ọ́ di ẹrù sí ìjọba lọ́rùn.

Orí ilẹ̀ ni kí n ti mú un. Àfonífojì ni Pacaembu, odò kékeré kan sì ń ṣàn gba àárín rẹ̀ kọjá kí wọ́n tó fi kọnkéré bò ó mọ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń pè ní Companhia City, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1912, ló ra ilẹ̀ àdúgbò náà, tó gé e sí púlọ́ọ̀tì, tó sì ń tà á fún àwọn ọlọ́rọ̀. Nínú ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti bù fún ìjọba ìlú lọ́fẹ̀ẹ́ pé kó fi kọ́ pápá ìṣeré. Má rò pé àánú ló ṣe wọ́n o. Púlọ́ọ̀tì tó bá wà lẹ́bàá pápá ńlá tí ìjọba fẹ́ kọ́, tí ọ̀nà ọ̀dà yóò dé, tí iná yóò dé, iye tí wọ́n ń tà á lánàá kọ́ ni wọn yóò tà á lọ́la. Fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sọ́kàn, torí àwọn tó ń gbé orí àwọn púlọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn yóò tún yọjú níwájú.

Ilé-iṣẹ́ Severo & Villares ló ya àwòrán ilé náà. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọn ò gbé àga òǹwòran sórí òpó gíga. Ara òkè méjèèjì tó yí àfonífojì náà ká ni wọ́n tẹ́ ìjókòó lé. Bí o bá dúró lójú títì lókè, ìsàlẹ̀ ni wàá ti máa wo pápá, bí ẹni pé inú ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Apá kan ṣí sílẹ̀, níbẹ̀ ni wọ́n kọ́ pèpéle kan sí tó tẹ̀ kọdọrọ bí ìkarahun, kí ohùn akọrin àti ti olóṣèlú lè dé etí gbogbo èèyàn láìsí wàhálà. Iwájú ilé náà nìkan tó wò: òpó gíga tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, aago ńlá kan lókè, àti lẹ́tà tó kọ ọ́ gàdàgbà pé pápá ìṣeré ìlú ni.

Lẹ́yìn pápá bọ́ọ̀lù, wọ́n ṣe odò ìwẹ̀, gbọ̀ngàn eré abẹ́ òrùlé àti pápá tẹ́níìsì síbẹ̀. Ibi tí àwọn tó ń sọ ìtàn Pacaembu bí ìtàn bọ́ọ̀lù nìkan ti ń ṣì í nìyí. Fún ọ̀pọ̀ ará ìlú, odò ìwẹ̀ yẹn ni Pacaembu. Ẹni tí kò lówó ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ àwọn olówó lè lọ forúkọ sílẹ̀, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n fún un ní káàdì, ó di kó máa lọ wẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn àgbàlagbà tó fẹ̀yìn tì ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ́ ìwẹ̀ níbẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kankan nínú wọn bìkítà ẹgbẹ́ tó gbá bọ́ọ̀lù lánàá.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1940 ni wọ́n ṣí i. Ààrẹ Getúlio Vargas fúnra rẹ̀ wá, pẹ̀lú gómìnà Adhemar de Barros àti olórí ìlú, Prestes Maia. Ọwọ́ líle ni Vargas fi ń ṣèjọba nígbà náà, São Paulo sì ti bá a jagun ní 1932 tí wọn ò ṣẹ́gun. Ní 1937 ó tún fòfin de àsíá ìpínlẹ̀ gbogbo. Nítorí náà, àjọyọ̀ yìí ní òṣèlú nínú gan-an. Ìtàn kan wà tí àwọn olólùfẹ́ São Paulo FC kì í jẹ́ kó kú: wọ́n ní nígbà tí ẹgbẹ́ wọn wọlé, tó wọ pupa, funfun àti dúdú tí í ṣe àwọ̀ àsíá ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti fòfin dè, gbogbo pápá dìde, ariwo sọ. Vargas, gẹ́gẹ́ bí ìtàn náà ṣe wí, ní ó jọ pé ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n fẹ́ràn jù nílùú. Wọ́n ń fi inagijẹ náà pe ẹgbẹ́ wọn di òní.

Lọ́jọ́ kejì ni bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Palestra Itália na Coritiba ní 6–2, ṣùgbọ́n ọmọ Coritiba kan, Zequinha, ló kọ́kọ́ gbá góòlù sáwọ̀n ní pápá náà láti ìgbà tí wọ́n ti dá a. Corinthians náà na Atlético Mineiro ní 4–2. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin láti Rio wá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àwọn ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀. Èèyàn wò wọ́n, ìwé ìròyìn kọ nípa wọn, àwọn kan sì figbe ta pé ìwà ìbàjẹ́ ni. Kò pé ọdún kan, ní oṣù kẹrin 1941, ìjọba ṣòfin tó ka eré tí wọ́n ní kò bá ẹ̀dá obìnrin mu léèwọ̀ fún wọn, wọ́n sì ka bọ́ọ̀lù mọ́ ọn, 1979 ni wọ́n tó gbé òfin náà kúrò. Mo mọ̀ pé o ò béèrè èyí, ṣùgbọ́n tí a bá ń sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí pápá ìlú, ìdajì ìlú ni òfin yẹn lé jáde.

Ogun Àgbáyé Kejì náà dé Pacaembu. Ní oṣù kẹjọ 1942, Brazil kéde ogun lórí Jámánì àti Ítálì. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ítálì ni Palestra Itália, ó sì ti pa orúkọ dà sí Palestra São Paulo lọ́dún náà, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kó sinmi. Wọ́n tún pa á dà sí Palmeiras. Lábẹ́ orúkọ tuntun yìí, wọ́n jáde sí pápá ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án láti pàdé São Paulo FC, ipò àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ ni wọ́n sì ń dù. Àsíá Brazil ni àwọn agbábọ́ọ̀lù nà káàkiri láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé ìparí, ọ̀gá sójà kan sì ń bá wọn rìn. Àwọn tó wá láti hó lé wọn lórí ò mọ ohun tí wọn yóò ṣe mọ́, torí ta ni yóò hó lé àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀ lórí? Palmeiras ti gbá 3–1 nígbà tí adájọ́ tún fún wọn ní pẹnáríti. São Paulo kọ̀ láti máa bá eré lọ. Bí Palmeiras ṣe gba ife nìyẹn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, Leônidas da Silva, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó gbá góòlù jù lọ ní Ife Àgbáyé 1938, gbá bọ́ọ̀lù fún São Paulo FC fún ìgbà àkọ́kọ́. Corinthians ni wọ́n pàdé, wọ́n gbá ọ̀mì 3–3. Òǹwòran tó ju 70,000 lọ ló wọ pápá lọ́jọ́ náà, kò sì sí ọjọ́ mìíràn tí èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Ife Àgbáyé 1950 dé, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n gbá ní Pacaembu. Brazil gbá ẹyọ kan ṣoṣo níbẹ̀, pẹ̀lú Switzerland. Kóòṣì Flávio Costa kó àwọn ọmọ São Paulo sínú ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà láti fi tu àwọn ará ìlú lójú, eré sì parí sí 2–2, inú ẹnikẹ́ni ò dùn. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti ọjọ́ 16 oṣù keje. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọjọ́ náà ni Uruguay pa Brazil lẹ́kún ní Maracanã, ní Rio. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, Sweden àti Spain ń gbá bọ́ọ̀lù ní Pacaembu, Sweden sì borí ní 3–1. Nǹkan bí 11,000 èèyàn ló jókòó wò wọ́n. Uruguay tó gba ife yẹn sì ti kọjá ní Pacaembu náà: níbẹ̀ ni wọ́n ti gbá ọ̀mì pẹ̀lú Spain, tí wọ́n sì fi agbára káká na Sweden ní 3–2.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wá kàn. Pápá Ìṣeré Ìlú lásán ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ní 1961 ni wọ́n fi orúkọ Paulo Machado de Carvalho sọ ọ́. Ọkùnrin yìí ló ni ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Record, òun ló sì ṣe olórí ikọ̀ Brazil lọ sí Sweden ní 1958, níbi tí wọ́n ti gba Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Kó tó di àṣekágbá, wọ́n rí i pé Sweden náà ń wọ àwọ̀ èsúrú bíi tiwọn, Brazil ló sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀. Wọ́n sáré ra aṣọ aláwọ̀ búlúù. Ẹ̀rù ń ba àwọn agbábọ́ọ̀lù, wọ́n rò pé aṣọ tuntun yóò kó oríburúkú bá àwọn. Ni Paulo Machado bá wọlé tọ̀ wọ́n, ó ní àwọ̀ aṣọ Màríà Wúńdíá Aparecida ni búlúù, kí ọkàn wọn balẹ̀. Wọ́n gbá 5–2. Òun fúnra rẹ̀ ò jẹ́ bọ́ kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ tó wọ̀ ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, ó wọ̀ ọ́ títí dé òpin. Nígbà tí wọ́n tún lọ sí Chile ní 1962, kóòtù náà bá wọn lọ, ife náà sì bá wọn bọ̀.

Ní 1963 ni wọ́n ṣí Eré Ìdárayá Gbogbo Ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wó pèpéle oníkarahun yẹn. Olórí ìlú ìgbà náà, Paulo Maluf, fẹ́ àyè fún èrò sí i, wọ́n sì fi ìjókòó kọnkéré gíga kan dí ẹnu ibi tó ṣí sílẹ̀ ní 1970. Tobogã ni àwọn ará ìlú sọ ọ́. Kò rẹwà. Ó dà gẹ̀rẹ́ débi pé bí o bá yọ ẹsẹ̀ lókè, ó di ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì ti dínkù jù, ibẹ̀ sì ni ìlù àti orin ti ń dún jù. Àwọn tó kọ́ ilé náà lè máa sunkún pèpéle wọn. Ọmọ mẹ̀kúnnù tó ń wo Corinthians láti Tobogã kò mọ̀ pé pèpéle kan wà rí.

Corinthians yìí ni ká dúró lé díẹ̀. São Paulo FC ti kọ́ Morumbi tirẹ̀ ní 1960, Palmeiras ní ilé tirẹ̀, Santos ní Vila Belmiro, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Pelé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wá sí Pacaembu tí èrò bá fẹ́ pọ̀. Corinthians, ẹgbẹ́ tí èrò tẹ̀ lé jù ní São Paulo, ni kò ní pápá tó lè gba èrò rẹ̀. Ọdún gbọọrọ ló fi ń sanwó háyà fún ìjọba ìlú. Ilé oní-ilé ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi ṣe tiwọn débi pé àwọn ọmọdé wọn rò pé Corinthians ló ni ín. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje 2012, wọ́n na Boca Juniors ní 2–0 níbẹ̀, Emerson ló gbá méjèèjì, wọ́n sì gba ife Libertadores, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ Gúúsù Amẹ́ríkà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láìfìdí rẹmi nínú ìdíje náà rárá. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, Santos pẹ̀lú Neymar ti na Peñarol ní 2–1 níbẹ̀, wọ́n sì gba ife kan náà. Ọdún méjì léra, pápá kan, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Pápá tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kò lè ṣe irú rẹ̀.

Kò jẹ́ pé adùn nìkan ló wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ 1995, Palmeiras àti São Paulo gbá àṣekágbá ìdíje ọ̀dọ́. Iṣẹ́ àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́ nídìí Tobogã, wọ́n sì fi igi, òkúta àti irin sílẹ̀ níbẹ̀. Bí eré ṣe parí ni àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ méjèèjì ya wọ pápá, wọ́n kó igi àti òkúta náà, wọ́n fi kọlu ara wọn lójú tẹlifíṣọ̀n. Ọmọkùnrin kan kú, ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó farapa. Láti ìgbà náà ni ilé ẹjọ́ àti ọlọ́pàá ti ń le mọ́ àwọn ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn ní São Paulo.

Orin náà wà. Paul McCartney kọrin níbẹ̀ ní 1993, Rolling Stones ní 1995, AC/DC ní 1996. Ibí ni àwọn onípúlọ́ọ̀tì tá a fi pamọ́ ti yọjú. Ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò náà, Viva Pacaembu, gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ pé ariwo kò jẹ́ kí àwọn sùn, mọ́tò dí ẹnu ọ̀nà àwọn, àwọn òǹwòran ń tọ̀ sára ògiri àwọn. Ilé ẹjọ́ gbọ́ tiwọn, eré orin ńlá sì dáwọ́ dúró. Mi ò ní wọ́n parọ́. Ẹni tó bá ti gbé ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré rí mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n pápá ló sọ ilẹ̀ wọn di wúrà, òun náà ni wọ́n wá ń sọ fún pé kó dákẹ́. Owó tí pápá náà ì bá máa pa lórí orin bá ẹjọ́ yẹn lọ.

Ìṣòro mìíràn tó tún ń yọ wọ́n lẹ́nu ni omi. Odò tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ kò gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀, àfonífojì náà ń kún, mọ́tò ń léfòó lórí gbàgede tó wà níwájú pápá. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni ìjọba ìlú gbẹ́ ìkùdù kọnkéré kan tó tóbi gan-an sábẹ́ gbàgede náà, tó lè gba nǹkan bí lítà mílíọ̀nù 74, kí omi òjò lè dúró síbẹ̀ títí òjò yóò fi dá. Orí ìkùdù yìí ni àwọn èèyàn ń rìn lé lójoojúmọ́ láìmọ̀. Orúkọ gbàgede náà ni Charles Miller, ọkùnrin tí wọ́n bí ní São Paulo, tó kàwé ní England, tó sì gbé bọ́ọ̀lù àti òfin eré náà bọ̀ wálé ní 1894.

Wàyí o, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2014 ló ba nǹkan jẹ́. Corinthians kó lọ sí pápá tuntun tí wọ́n kọ́ fún Ife Àgbáyé ọdún náà. Ní oṣù kọkànlá, Palmeiras náà ṣí ilé tuntun tirẹ̀. Kíá, pápá ìlú tó ti gba gbogbo ẹgbẹ́ lálejò wá dá wà. Koríko ń fẹ́ gígé, odò ìwẹ̀ ń fẹ́ omi mímọ́, ògiri ọdún gbọọrọ ń fẹ́ ọ̀dà, òfin ohun àjogúnbá tó ti dáàbò bò ó láti 1998 kò sì gbà kéèyàn kàn lu ibi tó bá wù ú. Kò sí ayálégbé, kò sí orin. Ìjọba ìlú ń náwó, owó ò wọlé.

João Doria di olórí ìlú ní 2017, ó ní òun yóò gbé e fún àwọn oníṣòwò. Ní 2019, àgbájọ ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Patrimônio SP gbé owó tó ju ti àwọn yòókù lọ kalẹ̀, mílíọ̀nù 111 owó reais, Bruno Covas tó jẹ olórí ìlú lẹ́yìn Doria sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ní oṣù kìn-ín-ní 2020, kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́wọ́ ìlú. Ohun tí wọ́n gbà ni pápá, odò ìwẹ̀ àti gbọ̀ngàn. Wọn ò fi Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Bọ́ọ̀lù tó wà lábẹ́ ìjókòó kún un. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ nìyẹn.

Kí wọ́n tó gbé ṣọ́bìrì, Kòrónà dé. Ní oṣù kẹrin 2020, pápá bọ́ọ̀lù di ilé ìwòsàn. Wọ́n ta àgọ́ funfun bo orí koríko, bẹ́ẹ̀dì 200 wà nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn Albert Einstein sì ń bójú tó o títí oṣù kẹfà fi parí. Nínú gbogbo ìlò tí wọ́n ti lo Pacaembu, èyí ni mo rò pé ó bá orúkọ tó wà níwájú ilé náà mu jù.

Ní 2021 ni wọ́n wó Tobogã. Ẹjọ́ wà lórí ìyẹn náà, ṣùgbọ́n kò sí nínú ilé àkọ́kọ́ tí òfin dáàbò bò, wọ́n sì gbà wọ́n láàyè. Ilé alájà púpọ̀ ni wọ́n kọ́ dípò rẹ̀. Èrò wọn ni kí hòtẹ́ẹ̀lì, ọ́fíìsì, ilé oúnjẹ àti gbọ̀ngàn ayẹyẹ wà nínú rẹ̀. Wọ́n ká koríko gidi kúrò, wọ́n tẹ́ ti àtọwọ́dá, kí orin àti bọ́ọ̀lù lè máa gba ara wọn láàyè. Ìjókòó tó ti gba èrò 70,000 rí kò ju nǹkan bí 26,000 lọ mọ́. Iṣẹ́ náà pẹ́ ju bí wọ́n ṣe ṣèlérí, débi pé àṣekágbá ọ̀dọ́ ti 2024 kò lè wáyé níbẹ̀, ilé Corinthians ni wọ́n gbé e lọ.

Nínú oṣù kìn-ín-ní 2024 yẹn náà ni wọ́n kéde pé Mercado Livre, ilé-iṣẹ́ tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó o rí orúkọ rẹ̀ yẹn, ti ra orúkọ. Ìròyìn gbé e pé àdéhùn náà lè tó ọdún 30, owó rẹ̀ yóò sì lé ní bílíọ̀nù kan reais. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù 111 tí ìlú gbà, wàá rí ìdí tí ọ̀pọ̀ ará ìlú fi ń mi orí. Òótọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ náà náwó ńlá sórí iṣẹ́ kíkọ́, owó tó ju èyí tó san fún ìlú lọ, mi ò ní fi ìyẹn bò. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìlú kò ná ọjà náà dáadáa. Orúkọ jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó níye lórí jù ní pápá ìṣeré òde òní, ìlú ì bá sì ti fi ìdá kan nínú rẹ̀ pamọ́ fún ara rẹ̀.

Ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní tó o wo eré yẹn, ọjọ́ ìbí ìlú São Paulo ni. 1554 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n sábà máa ń gbá àṣekágbá Copinha, ìdíje ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1969, ní Pacaembu. Ìwọ náà rí i: Corinthians ti gbá méjì wọlé kí São Paulo tó dá mẹ́ta padà. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n ò lè fi hàn ọ́ ni pé ibi tí àwọn olùkọrin ti máa ń dúró lórí Tobogã ti di gíláàsì àti kọnkéré tuntun.

Tó o bá fẹ́ lọ, wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ dé Clínicas, kó o fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Má lọ lọ́jọ́ Ajé, torí Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Bọ́ọ̀lù kì í ṣí lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọn kì í gbowó ẹnu ọ̀nà. 2008 ni wọ́n ṣí i, wọ́n tún un ṣe, ó sì padà ṣí ní 2024. Iyàrá kan wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ kó o sáré kọjá: wọn ò rẹ́ ẹ, wọn ò kùn ún, abẹ́ ìjókòó òǹwòran gan-an ni. Wàá rí ẹsẹ̀ kọnkéré tó gbé gbogbo ìjókòó ró àti bí ilẹ̀ òkè ṣe dà gẹ̀rẹ́ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì máa fi ariwo àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan hàn lára aṣọ ńlá lókè orí rẹ.

Bó o bá jáde, wo ojú aago àti lẹ́tà iwájú ilé náà. Òfin kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn wọ́n. Tó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, wàá bá àwọn alátẹ lórí gbàgede. Ra pastel kan, ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo wàràkàṣì tàbí ẹran tí wọ́n sì dín nínú òróró gbígbóná. Fi ẹnu ya etí rẹ̀ díẹ̀ kí ooru jáde kó o tó gé e jẹ, kó má bàa jó ọ. Omi ìrèké tútù ni wọ́n fi ń sìn ín. Ní ti odò ìwẹ̀, béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò ṣe lè wọlé. Àwọn àgbàlagbà àdúgbò tí wọ́n ti ń wẹ̀ níbẹ̀ látìgbà èwe wọn ni wọ́n ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ yẹn jù, wọ́n sì mọ àdéhùn náà ju àwọn lọ́yà lọ: ní nǹkan bí 2055 ni gbogbo rẹ̀ yóò padà sọ́wọ́ ìlú.